Nígbà tí Ibi-ọmọ Kò Gbọ́ Pé Oyún Ti Parí

Abọ́ irin kan ni wọ́n da ohun tí wọ́n fà jáde nínú obìnrin náà sí. Kí n tó rí aṣọ fi bò ó, ìyá ọkọ rẹ̀ ti yọjú wọlé. Wọ́n wo abọ́, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo abọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ rí wóró-wóró, ó ń dán, omi kún inú wóró kọ̀ọ̀kan, wọ́n so mọ́ra bíi tàpíókà tí omi gbígbóná ti mú wú, ẹ̀jẹ̀ sì wà láàárín wọn. Màmá káwọ́ lérí. "Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́! Nọ́ọ̀sì, ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n kó sínú ìyàwó ọmọ mi!"

Mi ò bá wọn jiyàn lọ́jọ́ náà. Ó jọ ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ lóòótọ́. Àwọn Òyìnbó fi wé èso àjàrà nínú ìwé tiwọn, nítorí ohun tí kálukú bá ń rí láyìíká rẹ̀ ló ń fi ṣàpèjúwe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ ayé, kò sì sí ọmọ kankan tí ẹnikẹ́ni pa dà. Ibi-ọmọ ni, ibi-ọmọ tó ń dàgbà láìní ọmọ tí yóò bọ́. Àwọn dókítà ń pè é ní molar pregnancy. Lẹ́nu àwọn aláìsàn wa, ó ti di oyún mólà, orúkọ yẹn náà ni n ó máa lò.

Púpọ̀ nínú oyún mólà ló ń parí síbi tí wọ́n bá ti fọ inú. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni kì í parí, tí yóò ṣẹ́ kù sínú ilé-ọmọ, tí èyí tó ṣẹ́ kù náà yóò sì di jẹjẹrẹ. Orúkọ tí ẹ ó rí lórí káàdì ni GTN, ìkékúrú gestational trophoblastic neoplasia. Èyí tó le jù nínú ẹbí náà ni choriocarcinoma. Ó ṣọ̀wọ́n, ó sì ń tàn ká inú ara bí iná ọyẹ́. Síbẹ̀, nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí mo bá pàdé ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, òun ni òògùn ń ṣẹ́gun jù, àní nígbà tó bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó kú lójú mi, kì í ṣe pé òògùn kò ràn wọ́n. Wọn ò tètè mọ̀ pé oyún tó ti lọ tipẹ́ ló ń bá wọn jà ni.

Èkejì ọmọ

Àwọn àgbà wa mọyì ibi-ọmọ. Èkejì ọmọ ni wọ́n ń pè é. Tí ọmọ bá wálẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á sin ín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ onílẹ̀ lòun á ní ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ òun sí.

Ohun tí a kì í sábà rò ni iṣẹ́ tó ń ṣe kí wọ́n tó sin ín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni ibi-ọmọ ti ń ta gbòǹgbò sínú ògiri ilé-ọmọ. Ó ń gbẹ́lẹ̀, ó ń ya wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá, kí oúnjẹ àti atẹ́gùn lè máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ara ẹlòmíràn ló ń gbẹ́, ara ẹlòmíràn náà kò sì lé e. Ẹ bá mi rò ó wò: kí ni jẹjẹrẹ ń ṣe tó ju ìyẹn lọ? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ibi-ọmọ mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò kúrò. Nínú oyún mólà, ìwọ̀n yẹn ló sọnù. Nínú choriocarcinoma, ó tún gbàgbé ọjọ́ tí yóò kúrò.

Oríṣi méjì ni oyún mólà. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní odindi, ẹyin tó bọ́ sílẹ̀ nínú obìnrin lóṣù yẹn ṣófo, kò sí ogún ìyá kankan nínú rẹ̀. Àtọ̀ kan wọ ibẹ̀, ó sì sọ ara rẹ̀ di méjì láti fi dí àlàfo náà. Krómósómù, ìyẹn fọ́nrán tó ń gbé ogún òbí, 46 ló wà nínú ẹ̀dá ènìyàn, ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Níbí, gbogbo 46 ló ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Ti bàbá nìkan kò lè mọ ọmọ; wóró-wóró ibi-ọmọ ló ń mọ. Nínú oríṣi kejì, èyí tí kì í ṣe odindi, ẹyin obìnrin dára, ṣùgbọ́n àtọ̀ méjì ló kó wọ inú rẹ̀ pọ̀, krómósómù wá di 69. Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yè.

Ọkọ kan gbọ́ "àtọ̀ méjì" lẹ́nu dókítà lójú mi, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní ta wá ni ẹnì kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ara ọkùnrin kan náà ni méjèèjì ti wá. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀bi ọkọ níbẹ̀ pé gbogbo 46 jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ohun tí ìyàwó jẹ, kò sí ohun tó gbé, kò sí ibi tó rìn dé lóru. Ọjọ́ orí nìkan ni a lè tọ́ka sí dáadáa: ó máa ń ṣe àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì pé 16 àti àwọn ìyá tó ti lé ní 40, pàápàá àwọn tó ti kọjá 45, ju àwọn tó kù lọ. Ẹni tó bá sì ti ní in rí lè tún ní in, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú 100.

Àmì rẹ̀, àti sítíríìpù tó ń purọ́

Ẹ̀jẹ̀ ni àmì tó wọ́pọ̀ jù, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Nígbà mìíràn ó máa ń dúdú bí omi zobo tó ki. Èébì lè pọ̀ ju ti oyún lásán lọ. Inú lè tóbi ju oṣù oyún lọ, tí àwọn èèyàn á máa sọ pé ìbejì ni. Ìfúnpá lè ga kí oyún tó pé oṣù márùn-ún, àyà lè máa já, ọwọ́ lè máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n lóde òní tí síkáànì ti wà káàkiri, ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ń sọ fún pé oyún mólà ni kó tó di pé wọ́n rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Wọ́n á kàn lọ wo ọmọ, kò ní sí ọmọ, kò ní sí ìlù ọkàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un nítorí ó máa ń tan àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá. Ibi-ọmọ ló ń ṣe họ́mónù tí wọ́n ń pè ní hCG. Òun ni sítíríìpù tí a ń tì bọ inú ìtọ̀ ń wá tó fi ń fa ìlà méjì. Nínú oyún mólà, hCG lè pọ̀ débi pé yóò bo sítíríìpù mọ́lẹ̀, tí ìlà kan ṣoṣo á fi jáde, bí ẹni pé kò sí oyún rárá. Bí ẹ bá bu omi la ìtọ̀ náà, tí ẹ tún tì í bọ̀ ọ́, ìlà kejì á yọ. Nítorí náà, bí inú bá ń ga, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí sítíríìpù sì ní kò sí nǹkan, ẹ lọ ya síkáànì.

Bí wọ́n bá ti rí i, fífọ inú ló kàn. Ẹ̀rọ tó ń fa nǹkan ni wọ́n ń lò fún un, nílé ìwòsàn tí ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, nítorí ó lè ya ẹ̀jẹ̀ gan-an. Kì í ṣe iṣẹ́ oníkẹ́míìsì. Òògùn ìṣẹ́yún tí wọ́n ń tà lábẹ́ tábìlì kò wúlò fún èyí, ó léwu. Obìnrin tí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Rhesus negative, bíi O negative, yóò gba abẹ́rẹ́ kan láti dáàbò bo oyún tí yóò ní lọ́jọ́ iwájú. Ìyá tó ti bímọ tó lè ní kí wọ́n kúkú yọ ilé-ọmọ, ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò ní kó má padà wá ṣe àyẹ̀wò.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí a máa ń fò jù. Ó yẹ kí wọ́n fi díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n fà jáde ránṣẹ́ sí láàbù kí wọ́n wò ó lábẹ́ ẹ̀rọ. Owó láàbù ni àwọn ẹbí máa ń sọ pé àwọn kò ní, tàbí kí wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé e lọ sin. Bí ẹ bá fẹ́ sin ín, ẹ sọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò fi yín ṣẹlẹ́yà; díẹ̀ péré ni láàbù ń fẹ́. Ṣùgbọ́n oyún tó bàjẹ́ tí kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá jẹ́ oyún mólà, a kò ní mọ̀, a ó kàn sọ fún obìnrin náà pé kó máa lọ sílé, Ọlọ́run á fún un ní òmíràn.

Nọ́ńbà

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Lẹ́yìn fífọ inú, ojú kò lè sọ bóyá gbogbo rẹ̀ ti tán. Síkáànì pàápàá lè ní ibẹ̀ mọ́. hCG nìkan ló mọ̀ dájú, nítorí bó bá ku ìwọ̀nba kékeré tó ń ṣe é níbikíbi nínú ara, ìbáà jẹ́ ní ẹ̀dọ̀fóró, yóò hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ti sítíríìpù là ń wí níbí o. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà, wọ́n sì ń ka iye rẹ̀ gan-an. Bí iye náà bá ti wà lábẹ́ 5, ó ti wálẹ̀ délẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ lórí 214,000. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó di 9,300, lẹ́yìn náà 1,150, lẹ́yìn náà 160, lẹ́yìn náà 22, lẹ́yìn náà 4. Ẹ rí i bó ṣe ń já bọ́ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Tọ̀hún ń lọ ilé rẹ̀. Ká wá ní ti ẹlòmíràn já dé 410, lọ́sẹ̀ kejì ó jẹ́ 395, lọ́sẹ̀ kẹta 420, lọ́sẹ̀ kẹrin 402. Ó dúró sójú kan. Bí ó bá dúró bẹ́ẹ̀ nínú àyẹ̀wò mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tàbí tó bá ń gòkè nínú àyẹ̀wò mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn dókítà kì í tún dúró de ohunkóhun. GTN ni. Nínú oyún mólà odindi, ó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí obìnrin 15 nínú 100. Nínú oríṣi kejì, ó kéré gan-an, nǹkan bí ẹnì kan nínú 100.

Àwọn jẹjẹrẹ yòókù, àfi bí wọ́n bá gé díẹ̀ níbẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà pé òun ni. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà náà ti tó ẹ̀rí. Gígé rẹ̀ tilẹ̀ léwu, nítorí inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé; bí kókó rẹ̀ kan bá yọ sí ojú ara obìnrin, tí ẹnì kan bá fi abẹ kàn án, dídá ẹ̀jẹ̀ náà dúró lè di ìṣòro ńlá. Nítorí náà bí dókítà bá sọ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òògùn jẹjẹrẹ láìgé nǹkan kan wò, ẹ má bínú sí i, kò kánjú.

Wàhálà tó wà nínú nọ́ńbà yìí ni pé oyún tuntun náà ń ṣe hCG. Bí obìnrin bá lóyún láàárín àsìkò tí à ń ṣọ́ ọ, nọ́ńbà á gòkè, a kò sì ní mọ̀ bóyá ọmọ ló gbé e gòkè tàbí jẹjẹrẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kí wọ́n fètò sí ọmọ bíbí fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, tí nọ́ńbà á fi wálẹ̀ tí yóò sì dúró síbẹ̀. Rọ́bà dára, oògùn oníkóró dára, abẹ́rẹ́ dára. Èyí tí wọ́n ń kì bọ inú ilé-ọmọ nìkan ni yóò ṣì dúró títí nọ́ńbà yóò fi wálẹ̀.

Ó rọrùn láti sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó sípò obìnrin tí oyún rẹ̀ di omi lójú gbogbo ẹbí ọkọ. Wọ́n ti ń wò ó bí ẹni pé ó ní nǹkan tó ń jẹ ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tó rò pé yóò pa ẹnu wọn mọ́ ni kó tètè tún lóyún, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti ń sọ pé kó má lóyún fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í padà wá. Wọn kì í bínú sí wa, wọ́n kàn ń lọ ni. Èmi kì í dá obìnrin nìkan sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí èyí. Mo máa ń ní kí wọ́n pe ọkọ wá, bí ìyá ọkọ bá sì ní ẹnu nílé, kí wọ́n pe màmá náà wá. Mo máa ń kọ nọ́ńbà náà sórí pépà níwájú wọn, mo máa ń fi ìka tọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka owó àjọ kò ní ṣàìmọ èyí kà.

Ìlà méjì tí kì í ṣe ọmọ

Nǹkan bí ìdajì choriocarcinoma ló ń tẹ̀ lé oyún mólà. Ìdajì tó kù ń tẹ̀ lé oyún tó wálẹ̀, oyún tí wọ́n ṣẹ́, oyún tó wà lẹ́yìn ilé-ọmọ, títí kan ọmọ tí wọ́n bí ní àlàáfíà tó ń ké tó ń mu ọyàn. Ti ẹ̀yìn ìbímọ yẹn ṣọ̀wọ́n pátápátá, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ìbímọ 50,000. Ṣùgbọ́n òun ló ń fara pa mọ́ jù, nítorí kò sẹ́ni tó ń fura sí oyún tó ti mú ọmọ wá.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò dá lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn tí oyún wálẹ̀ ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni ibi tó sábà máa ń sá lọ, nítorí ojú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà. Obìnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á máa hú ẹ̀jẹ̀, èémí rẹ̀ á máa gé. Ní ilẹ̀ wa, ta ni yóò rí obìnrin tó ń rù, tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tí kò ní sọ pé ikọ́ ife ni? Wọ́n á yàwòrán àyà, wọ́n á rí àpá, wọ́n á fún un ní òògùn oṣù mẹ́fà. Nígbà tí kò bá sàn, àwọn ará ilé á ní májèlé ni, ẹnì kan ló fún un jẹ nínú ẹran ìkómọ. Bó bá ti wá dé ọpọlọ, orí á máa fọ́ ọ, gìrì á mú un, apá kan lè rọ, wọ́n á sì gbé e lọ sórí òkè.

Mo rántí ìyá ọlọ́jà kan tí oyún rẹ̀ wálẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ṣáájú. Ó ń wúkọ́. Nǹkan oṣù rẹ̀ kò rí bó ṣe yẹ, ó bá ra sítíríìpù, ìlà méjì yọ. Inú ọ̀rá funfun ló wé e sí, ó gbé e wá hàn mí bí ẹni gbé wúrà. Wọ́n ti jó nílé. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká ya síkáànì. Ilé-ọmọ ṣófo. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà náà lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin. Èmi ni mo jókòó tì í nígbà tí dókítà ń ṣàlàyé, mi ò lè gbàgbé bó ṣe tún ń ká ọ̀rá funfun yẹn, tó ń ká a, tó ń ká a, títí tó fi kéré bí èékánná.

Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ níbikíbi tí mo bá ti rí àyè: obìnrin tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ìbímọ, tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, tàbí tí gìrì ṣàdédé mú, ẹ fi sítíríìpù yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ìlà bá jẹ́ méjì tí síkáànì kò sì rí ọmọ nínú ilé-ọmọ, ẹ má lọ jókòó sílé. Ó lè jẹ́ oyún tó fẹsẹ̀ mọ́ ibòmíràn, ìyẹn náà ń pani. Ó sì lè jẹ́ èyí tí à ń sọ.

Òògùn rẹ̀

Ní 1956, ní National Institutes of Health, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba, ní Bethesda, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, dókítà Min Chiu Li àti Roy Hertz ròyìn pé àwọn fi òògùn kan tó ń jẹ́ methotrexate wo àwọn obìnrin tí choriocarcinoma ti dé ẹ̀dọ̀fóró wọn. Kókó tó wà ní àyà wọn pòórá. Kó tó dìgbà yẹn, kò sí jẹjẹrẹ oníkókó kankan tí òògùn nìkan ti wò sàn. Li kò wá dáwọ́ dúró nígbà tí ojú kò rí kókó mọ́. Ó ní hCG ṣì wà, nítorí náà àrùn ṣì wà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ rò pé májèlé lásán ló ń fún ẹni tí ara rẹ̀ ti dá, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé àwọn tó gba òògùn títí nọ́ńbà fi wálẹ̀ ni kò tún rí àrùn náà mọ́. Ní 1972, òun àti Hertz wà lára àwọn tó gba àmì-ẹ̀yẹ Lasker fún ìwádìí ìṣègùn. Nígbà tí aláìsàn bá bi mí pé "síkáànì ti mọ́, kí ló dé tí ẹ ṣì ń gún mi lábẹ́rẹ́?", ìtàn Li ni mo máa ń sọ fún un.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wo àyà, wọ́n lè wo inú àti ọpọlọ pẹ̀lú, wọ́n á wá fún àrùn náà ní máàkì. Ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀, irú oyún tó ṣáájú, iye oṣù tó ti kọjá, iye hCG, bí kókó ṣe tóbi tó, ibi tó sá lọ àti iye ojú tó ní, àti bóyá òògùn kan ti kùnà ṣáájú. Máàkì 0 sí 6, ó rọrùn. Láti 7 lọ sókè, ó le. Ẹ má jẹ́ kí máàkì kékeré tàbí ńlá dẹ́rù bà yín bíi ti èsì ìdánwò; òògùn tí wọn yóò lò ni wọ́n fi ń yàn.

Fún èyí tó rọrùn, methotrexate nìkan sábà máa ń tó. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà lò ó ni abẹ́rẹ́ mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ọjọ́ kan ní, ọjọ́ kan kò ní, tí folinic acid á máa wọ àárín láti gba ara là lọ́wọ́ òògùn náà. Wọ́n á sinmi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Irun kì í sábà jábọ́ nínú èyí. Egbò ẹnu àti ojú tó ń ta ni àwọn obìnrin ń ráhùn sí jù. Omi púpọ̀ àti fífi omi iyọ̀ fọ ẹnu ń ṣèrànwọ́. Fún èyí tó le, oríṣi òògùn márùn-ún ni wọ́n ń pa pọ̀, EMA-CO lorúkọ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni, irun sì máa ń lọ. Yóò hù padà. Bí nọ́ńbà bá ti wálẹ̀ délẹ̀, wọ́n á ṣì fún un ní òògùn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, nítorí ohun tí Li kọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ òògùn ẹ̀jẹ̀ ń kó wa sí wàhálà níbí. Ẹ̀rù ń ba ẹbí pé ó ń rù, wọ́n á lọ ra òògùn ẹ̀jẹ̀ olómi pupa yẹn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ní folic acid, folic acid sì lè dín agbára methotrexate kù. Folinic acid tí ilé ìwòsàn ń fún un ní àkókò àti ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ má fi òmíràn kún un. Ibuprofen àti àwọn ẹbí rẹ̀ kò bá methotrexate rẹ́, ọtí kò bá a rẹ́, àgbo kò sì bá a rẹ́, nítorí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń ru ẹrù òògùn náà jáde.

Èyí tó rọrùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń sàn. Èyí tó le, ní àwọn ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ju 90 nínú 100 lọ. Ní Britain, láti 1973 ni wọ́n ti ń forúkọ gbogbo obìnrin tó bá ní oyún mólà sílẹ̀, ilé ìwòsàn Charing Cross ní London, ti Sheffield àti ti Dundee sì ń gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ wọn láti ilé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á kà á, wọ́n á fi èsì ránṣẹ́. Ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún, bí wọ́n bá fi àpótí kékeré náà ránṣẹ́ sí yín, ẹ má jẹ́ kó jókòó sórí fíríìjì. Nílé níbí, ìwé bẹ́ẹ̀ kò sí. Àwọn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn bíi UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti ti Ilé-Ifẹ̀ ní àwọn tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n àpò ara ẹni ni ọ̀pọ̀ ń ná, láti orí ẹ̀jẹ̀ ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ dórí abẹ́rẹ́. Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo ti rí i tí methotrexate tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí nọ́ńbà tó ti ń bọ̀ nílẹ̀ fi yí padà. Bí owó bá máa há, ẹ sọ fún dókítà kó tó tán, kí wọ́n lè rí ọ̀nà tí àyẹ̀wò kò fi ní já. Ẹ tún ṣọ́ káàdì náà. Láàbù kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò bó bá ṣeé ṣe, nítorí ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ, kíkà rẹ̀ lè yàtọ̀.

Ìbéèrè tí gbogbo wọn ń bi mí kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ọkọ bá ti jáde, ni pé ṣé àwọn ṣì lè bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ jù lọ ń bímọ lẹ́yìn òògùn, ọmọ tó pé, tó dára. A kàn ń ní kí wọ́n dúró tó ọdún kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, kí wọ́n tètè ya síkáànì bí wọ́n bá ti lóyún, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá bí i tán.

Ìyàwó tí wọ́n rí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ nínú rẹ̀ yẹn kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Nọ́ńbà tirẹ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń mú un wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn ló ń gbé káàdì sínú ìborùn. Ọjọ́ kan wọ́n pè mí lórí fóònù, mo ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Nọ́ọ̀sì, mẹ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀ lónìí. Ṣé mẹ́rin dáa?"

Mo ní, "Mẹ́rin dáa, Mà."

"Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣé ẹ ṣì máa fà á?"

Mo ní a ṣì máa fà á. Wọ́n ní ó dáa, àwọn á tètè dé kí èrò tó pọ̀.